Àfòpiná àti Sányán Bàbá Wa

Àbúrò mi ọkùnrin ń ta tẹlifíṣọ̀n ní Àlàbá. Kò bẹ̀rù ẹnikẹ́ni nínú ọjà náà, ṣùgbọ́n bí àfòpiná bá wọlé, òun á jáde ni. Ó ní ẹyẹ àjẹ́ ni. Labalábá ní tiẹ̀, ẹ̀dá Ọlọ́run ni.

Òun náà ló ń yọ ìyá wa lẹ́nu pé kí wọ́n fún òun ní agbádá sányán tí bàbá wa fi sílẹ̀. Ó fẹ́ gé e, kó fi ṣe fìlà àti bàtà. Ìyá wa ò sì lè sọ pé rárá fún ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí wọ́n bí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan, ìyá wa àti àbúrò mi wá bá èmi àti ọkọ mi jẹun ní ilé wa ní Igbó-Elérin. Labalábá dúdú alámì yẹ́lò kan ń fò lórí igi ọsàn ìta. Ìyá mi yíjú sí ọkọ mi, tó ń kọ́ni nípa kòkòrò ní yunifásítì.

"Àna mi, ẹ jọ̀ọ́, kí ni ìyàtọ̀ láàárín èyí àti àfòpiná?"

Ha! Ẹ bi ọkọ mi ní irú ìbéèrè yẹn, kí oúnjẹ máa tutù. Ó ní ìwo orí labalábá ní koko ní ṣóńṣó, ti àfòpiná sì dà bí ìyẹ́. Ó ní ọmọ labalábá orí ọsàn á kàn so ara rẹ̀ mọ́ ẹ̀ka ni, àmọ́ àfòpiná kan wà nínú igbó tí àwọn ọmọ rẹ̀ máa ń kóra jọ hun ilé.

"Ilé yẹn ni wọ́n ń ran bí òwú, Mọ́mì. Òun ni sányán."

Àbúrò mi gbé ṣíbí sílẹ̀. "Bùrọ̀dá, sányán wo? Ti Dádì?"

"Sányán gidi ni ti Dádì."

"Ẹ̀jẹ̀ Jésù! Mọ́mì, mi ò fẹ́ ẹ mọ́ o. Ẹ gbé e fún Bùrọ̀dá."

"Ó mà ṣe o," ni ìyá mi wí, wọ́n sì bu ẹran sí abọ́ àbúrò mi.

Nígbà tí èmi àti ìyá mi dé ilé ìdáná, mo bi wọ́n bóyá wọ́n ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ara àfòpiná ni sányán ti ń wá.

"Ìyá mi ló ń ran sányán ní Èkìtì. Ta lo rò pé ó ń bá wọn se ilé kòkòrò yẹn?"

"Kí ló dé tẹ́ ò sọ fún un fúnra yín?"

"Kó lè ní mo fẹ́ràn àna mi ju òun lọ?" Wọ́n nu ọwọ́. "Ohun tí mo mọ̀ ni pé bàbá yín ò ní di bàtà lójú ayé mi."