Lẹ́tà Tí Mo Kọ sí Ẹ̀pẹ́ Láìfi Àmì Sí I

Mo rántí ìró rẹ̀ ju ìrora rẹ̀ lọ. Ó dún bí igi gbígbẹ tí ènìyàn fi orúnkún ṣẹ́ nígbà ọyẹ́, mo sì ti wà nílẹ̀ kí n tó mọ̀ pé ara mi ló dún bẹ́ẹ̀. Ìkòròdú ni èyí ti ṣẹlẹ̀, ní ọdún díẹ̀ kí a tó gba òmìnira, nínú ọgbà ilé-ìwé tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ olùkọ́ sí. Ẹsẹ̀ mi kò kọ, ilẹ̀ kò yọ̀, ẹnikẹ́ni kò tì mí. Káfíńtà ilé-ìwé ló gbé àga kan wá fún mi, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú ju mẹ́ta yòókù lọ. Mo sọ fún un. Ó ní ilẹ̀ ni kò tẹ́jú. Mo gbé àga náà lọ sí ibi mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kí n lè fi hàn án pé irọ́ ló ń pa. Ní ibi kẹta ni mo ti fi ìbínú yíjú padà láti pè é wá wò ó. Ara mi yí, ẹsẹ̀ ọ̀tún mi kò bá a yí. Káfíńtà wo àga, ó wò mí nílẹ̀, ó ní, "Ẹ ò rí i pé ilẹ̀ ni, Tíṣà?" Títí di òní olónìí, ọkùnrin náà kò bẹ̀ mí.

Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ tí eegun mi yóò kán nìyẹn. Wọ́n bí mi pẹ̀lú eegun tí kò le tó fún iṣẹ́ ayé. Funfun ojú mi pàápàá ní àwọ̀ aró díẹ̀, bí aṣọ funfun tí wọ́n fi búlúù fọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, kí n sì tó pé ọmọ ọdún méjìlá, apá mi ti kán lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ìyá mi, kí ó tó kú, a máa pè mí ní Àwo Tánganran. N kò lè ru omi, n kò lè gúnyán, nítorí náà wọ́n fi mí sí ilé-ìwé, ìwé náà sì gbé mi dé ilé-ẹ̀kọ́ gíga ní Ìbàdàn, níbi tí mo ti kọ́ bí a ti ń jà láìlo ọwọ́. Mo kọ̀wé ẹ̀sùn nípa oúnjẹ, mo kọ̀wé ẹ̀sùn nípa omi, mo kọ̀wé ẹ̀sùn nípa ọ̀gá kan tí kì í dáhùn ìwé ẹ̀sùn. Mo gbà gbọ́ pé bí ènìyàn bá ti kọ àṣìṣe kan sílẹ̀ dáadáa, pẹ̀lú ọjọ́ àti aago, ayé kò ní lè ṣe kó má tún un ṣe. Ọmọdé ni mí nígbà náà.

Wọ́n gbé mi lọ sí ilé-ìwòsàn kan ní Èkó. Dókítà òyìnbó kan la ìbàdí mi, ó gbá irin gígùn kan wọ inú eegun itan mi kí orí eegun náà lè so mọ́ ara rẹ̀ padà. Àwọn àgbà ní bí ìyà ńlá bá gbéni ṣánlẹ̀, kékeré á máa gorí ẹni, mo sì ń ka àwọn kékeré náà bí wọ́n ti ń gun orí mi. Nọ́ọ̀sì kan ń pè mí ní "Màmá", èmi tí n kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Bẹ́ẹ̀dì náà dagun sápá òsì. Àwọn dókítà a dúró yí mi ká, wọn a máa sọ Gẹ̀ẹ́sì lórí mi bí ẹni pé igi ni mo jẹ́, títí mo fi tún gírámà ọ̀kan nínú wọn ṣe. Àmọ́ ọ̀rọ̀ kan wà tí dókítà àgbà sọ tí n kò rí ẹ̀sùn kankan kọ nípa rẹ̀, nítorí òótọ́ ni. Ó ní fún ọ̀sẹ̀ méjìlá, ẹsẹ̀ ọ̀tún mi kò gbọdọ̀ kan ilẹ̀. Bí irin náà bá yẹ̀, eegun mi kò lágbára tó láti gba òmíràn, n kò sì ní rìn mọ́ láéláé. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ aago tí ọkọ̀ yóò gbéra.

Ilé bàbá mi ní Ìkòròdú, òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni, àtẹ̀gùn rẹ̀ sì ga bí àjà. Ẹ̀pẹ́ ló kù, lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá mi obìnrin, tí mo ń pè ní ìyá mi àgbà. Ilé rẹ̀ kò ní òkè, ẹ̀bá ọ̀sà ló wà, ẹja ni ó sì ń yan tà. Ìdílé wọn wà lára àwọn tí wọ́n ṣí kúrò ní Èkó wá sí Ẹ̀pẹ́ láyé àtijọ́, nítorí náà bí ẹnikẹ́ni bá ṣe é ní àìdáa, á ní, "Èkó la ti wá o, a kì í ṣe ará oko!" bẹ́ẹ̀ bàbá rẹ̀ pàápàá, Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n bí i sí. Mo kọ lẹ́tà sí i ní Yorùbá, bí mo ti na gbalaja lórí bẹ́ẹ̀dì. N kò fi àmì ohùn kankan sí i. Lójú tèmi nígbà náà, àwọn ọmọ ilé-ìwé kéékèèké ni àmì ohùn wà fún. Ọmọ Yorùbá tó bá ti gbọ́ èdè rẹ̀ yóò mọ ohun tí à ń wí. Mo kọ ọ́ báyìí: *Ise abe naa ti pari. Irin ti wa ni ese mi bayi. E wa pade mi ni ebute ni ojo Jimo.* Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó dùn mọ́ mi bó ti ṣe ṣókí. Mo rò pé ẹni tó bá ti gbọ́ pé irin wà ní ẹsẹ̀ ènìyàn yóò mú àwọn tí yóò gbé e wá, láìjẹ́ pé a sọ fún un.

Ọkọ̀ ojú omi elẹ́ńjìnnì ni mo wọ̀ láti Èkó, nítorí lọ́rí ìbá ti gbọ̀n mí dà nù lójú ọ̀nà. Bàbá mi bá mi wọ ọ́ dé Ìkòròdú, ó sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀, ó ní wọ́n ń retí òun níbi iṣẹ́. Mo kọ ìyẹn náà sílẹ̀. Ní Ìjẹ̀dẹ́, àwọn obìnrin ẹlẹ́ja kún inú ọkọ̀, ọ̀kan nínú wọn sì fẹ́ gbé apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lé ẹsẹ̀ mi, àfi ìgbà tí mo kígbe. Nígbà tí a dé Ẹ̀pẹ́, àwọn atukọ̀ gbé mi tòun ti àga kánfáàsì tí mo jókòó sí láti Èkó, wọ́n gbé mi kalẹ̀ lórí afárá èbúté, wọ́n sì bá tiwọn lọ.

Ìyá mi àgbà dúró níwájú mi nínú aṣọ funfun báláú. Ó tó ogún obìnrin tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n gbé abọ́ àkàrà sàárà dání, ojú gbogbo wọn ń dán. N kò rí ọkùnrin kankan láàárín wọn àyàfi télọ̀ àdúgbò, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó so téèpù mọ́ ọrùn.

Ìyá mi àgbà bẹ̀rẹ̀ díẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì sí mi. "Ó yá, ọmọ mi. Rìn wá. Tẹ̀ẹ́, tẹ̀ẹ́, tẹ̀ẹ́."

Mo rò pé àwàdà ni. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, mi ò lè rìn."

"Ojú ló ń tì í," ni obìnrin kan wí. "Ẹ fún un lọ́wọ́ díẹ̀."

Kí n tó mí, àwọn méjì ti ki ọwọ́ bọ abẹ́ apá mi, wọ́n ń gbé mi nàró. Mo rí àtẹ́lẹsẹ̀ mi ọ̀tún tí ó ń sún mọ́ pákó afárá náà. Mo figbe ta. "Ẹ má fọwọ́ kàn mí! Ẹ fi mí sílẹ̀, ẹ̀yin òpè wọ̀nyí!"

Wọ́n fi mí sílẹ̀. Mo bá ara mi lórí àga padà, ẹsẹ̀ mi kò kan ilẹ̀, ìwọ̀n ìka mẹ́rin ló kù. Ẹ̀rín kúrò lójú ìyá mi àgbà díẹ̀díẹ̀.

"Èmi ni òpè," ló wí. "Ó dáa. O kọ̀wé sí mi pé o ti ń rìn. Mo ṣe sàárà, mo pe àdúgbò. Kí ni mo ṣe fún ọ tó o fi fi mí ṣe yẹ̀yẹ́?"

"Mi ò kọ ohun tó jọ bẹ́ẹ̀! Ẹ mú lẹ́tà náà wá!"

Ó tú ìṣẹ́tí ìró rẹ̀, ó yọ lẹ́tà jáde, ó fún télọ̀, ẹni tí ó máa ń ka ìwé fún gbogbo agboolé. Télọ̀ fi ìka tọ ọ̀rọ̀ náà, ó kà á ketekete: "Ìrìn ti wà ní ẹsẹ̀ mi báyìí."

"Irin! Irin ni mo kọ! Irin tí alágbẹ̀dẹ ń rọ!"

"Irin ọkọ́?" ni obìnrin kan wí lẹ́yìn. "Nínú ẹsẹ̀ èèyàn? Ẹ gbà mí o."

Mo já ìwé náà gbà lọ́wọ́ télọ̀ kí n lè fi àṣìṣe rẹ̀ hàn án. Ọ̀rọ̀ náà wà níbẹ̀, lẹ́tà mẹ́rin ní ìhòòhò, ọwọ́ ara mi ló kọ wọ́n. Mo rí i. Síbẹ̀ n kò gbà. Mo bi télọ̀ bóyá kò ní làákàyè ni.

Kò bínú. Ó ní, "Tíṣà, ohun tẹ́ ẹ kọ ni mo kà. Ọ̀nà méjì ló ṣeé kà. Ìyá yìí jókòó tì mí nígbà tí mo ń kà á, láti ọjọ́ tẹ́ ẹ ti ṣubú ni wọn ò ti sùn dáadáa. Èwo lẹ fẹ́ kí n kà fún wọn?"

Mo ti bá àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n jiyàn rí, mo sì borí. Lọ́jọ́ yẹn, lórí afárá Ẹ̀pẹ́, mo ká lẹ́tà náà, mo dá a padà fún télọ̀.

Ìyá mi àgbà wo ẹsẹ̀ mi. "Irin," ló wí jẹ́jẹ́. "Wọ́n gbá irin wọ inú ọmọ mi." Omi bọ́ lójú rẹ̀, ó fi ìdí ọwọ́ nù ún, ó sì kọjú sí àwọn apẹja tó dúró ń wòran. "Kí lẹ ń wò? Ẹ wá gbé e! Ẹni tó bá gbọ̀n ọ́n pẹ́nrẹ́n, èmi pẹ̀lú ẹ̀ ni!" Báyìí ni ọkùnrin mẹ́rin ṣe gbé mi tàga-tàga gba àárín ìlú kọjá, tí àwọn obìnrin ń tẹ̀ lé wa pẹ̀lú àkàrà. Ọkùnrin kan lẹ́bàá ọ̀nà dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ní, "Kábíyèsí o!" Ọ̀kan nínú àwọn tó gbé mi dáhùn pé kì í ṣe ọba, irin lásán ni, ó sì wúwo ju ọba lọ.

Ọ̀sẹ̀ méjìlá náà kò rí bí mo ti rò. Mo ní ẹ̀sùn, bẹ́ẹ̀ ni. Èéfín ẹja ń wọlé tọ̀ mí láti òwúrọ̀. Àkùkọ ilé wọn kò mọ aago. Gbogbo ẹni tó bá wọlé á ní "pẹ̀lẹ́", mo sì kà á dé ọgọ́rin lọ́jọ́ kan kí n tó jáwọ́. Àmọ́ ìyá mi àgbà gbé ìtìsẹ̀ kan sábẹ́ ẹsẹ̀ mi, ó sì di òfin nínú ilé pé ẹni tó bá sún un, kò ní jẹ ẹja. Òun fúnra rẹ̀ ló ń wẹ̀ mí, tó ń fi òrí pa ẹsẹ̀ òsì, tí kì í fọwọ́ kan ti ọ̀tún. Nígbà tí bàbá arúgbó kan tó máa ń to eegun wá sọ pé òun yóò fa ẹsẹ̀ náà kó lè tètè jinná, ó dá a dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Irin ló wà níbẹ̀, Bàbá. Ṣé alágbẹ̀dẹ ni yín?" Bí mo bá ń kánjú, á ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ lejò ń gun àgbọn. Mo sọ fún un pé ejò kò ní itan. Ó ní ìyẹn gan-an ló fi ń gùn ún.

Télọ̀ a máa wá lẹ́yìn ìrun àsárì. Mo bẹ̀ ẹ́ ní ọ̀sẹ̀ kejì. Mo ní kí n fi ìkọ́ni ní àmì ohùn ṣe ẹ̀bẹ̀ mi, ó gbé síléètì wá, àmọ́ láìpẹ́ ó hàn pé òun ló ń kọ́ mi. Èmi mọ orúkọ àmì, òun mọ ohùn. Bí ọ̀rọ̀ kan bá rú mi lójú, á fi imú kọ ọ́ bí orin, á ní, "Ó ń sọ̀ kalẹ̀, Tíṣà, ẹ ò gbọ́ ni?" N kò gbọ́ tẹ́lẹ̀. Ariwo ẹnu ara mi ti pọ̀ jù.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ méjìlá pé, wọ́n gbé mi padà sí Èkó, wọ́n ya fọ́tò eegun mi. Irin kò yẹ̀. Dókítà fún mi ní igi méjì tí a ń ki bọ abẹ́ apá láti fi rìn, ó ní kí n máa tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. N kò gbà láti tẹ̀ ẹ́ níbẹ̀. Mo wọ ọkọ̀ padà sí Ẹ̀pẹ́.

Ìyá mi àgbà wà ní yàrá ńlá. Mo ní mo fẹ́ dìde. Ó lọ sí igun yàrá lọ́hùn-ún, ó kọ ẹ̀yìn sí mi, ó dojú kọ ògiri.

"Ṣé o ti gbéra?"

"Rárá, mà."

"Ṣé o ti gbéra báyìí?"

"Màmá, ẹ jẹ́ kí n mí ná."

Mo sún igi méjèèjì síwájú. Ẹsẹ̀ ọ̀tún tẹ̀ lé wọn, ó kan ilẹ̀, ilẹ̀ tutù. Mo gbé ara lé e díẹ̀. Ó gbà á. Mo tún ṣe é. Ìṣísẹ̀ mẹ́fà ni, ó sì pẹ́ bí ìgbà tí ènìyàn ń ti Ìkòròdú fẹsẹ̀ rìn lọ sí Ìmọ́ta. Nígbà tí mo gbé ọwọ́ lé èjìká rẹ̀, kò yíjú padà. Ó ní, "Má tíì sọ̀rọ̀."

Mo ti dàgbà báyìí ju bí ó ti dàgbà nígbà yẹn lọ. Ẹsẹ̀ ọ̀tún mi fi ìka kan kúrú ju òsì lọ, eegun mi sì ti kán ní ibi púpọ̀ mìíràn láti ìgbà náà. Mo ṣì ń kọ ìwé ẹ̀sùn. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo kọ ọ̀kan nípa gọ́tà iwájú ilé mi, mo fi àmì sí gbogbo rẹ̀ láti òkè dé ilẹ̀. Àmọ́ nígbà mìíràn, bí mo bá jókòó ní ọ̀sán tí ara tù mí, mo máa ń gbìyànjú láti ṣírò ohun tí wọ́n ṣe sí mi ní Ẹ̀pẹ́ ní ọdún yẹn, ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, bí ó ti jẹ́ ìṣe mi. N kì í rí ju ẹyọ kan lọ. Wọ́n dúró dè mí.