Bí Mo Ṣe Di Ìyàwó Lórí Pápá

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Sùúrùlérè, tí ọ̀dà ara pápá ìṣeré ńlá kò tíì gbẹ dáadáa, kò sí ọmọkùnrin kan ládùúgbò wa tí kò rò pé ibẹ̀ lòun máa gbá bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ kan. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ ó rántí. Ilẹ̀ gbalasa kan ló wà lẹ́yìn ilé wa, iyanrìn lápá kan, koríko lápá kejì. Òórùn àkàrà a máa bá wa níbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, inú wa á sì máa kùn. Ibẹ̀ ni Kóòṣì ti ń kọ́ wa.

Télọ̀ ni Kóòṣì, téèpù kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀. Téèpù yẹn ló máa fi wọn igun mẹ́rin sórí iyanrìn. Á ní kí àwa mẹ́rin dúró sí igun kọ̀ọ̀kan, kí ẹnì karùn-ún wà láàárín. Àwa tó wà nígun á máa gbá bọ́ọ̀lù síra wa, tàárín á máa lé e kiri. Ẹni tó bá jẹ́ kó gbà á, òun ló máa wọ àárín. "Má Fún Un" ni Kóòṣì ń pè é. Lọ́jọ́ míì, a kì í gbá bọ́ọ̀lù sójú ilé rárá, Má Fún Un náà ni títí ilẹ̀ á fi ṣú. Tí a bá ráhùn, á ní ẹni tí kò mọ nǹkan í tọ́jú, kí ló fẹ́ ná?

Ó ní òfin kan: kí bọ́ọ̀lù tó kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ, orúkọ ẹni tí o ń gbá a sí gbọ́dọ̀ ti jáde lẹ́nu rẹ. Òfin yìí ló fẹ́ ba tèmi jẹ́. Èmi ni àbúrò gbogbo wọn, màmá mi, tíṣà ní Yábàá, sì ti kìlọ̀ pé ẹni tó bá fi ọjọ́ kan ṣoṣo jù mí lọ, ẹ̀gbọ́n mi ni. Ọjọ́ tí mo pe Ẹ̀gbọ́n Múdà ní "Múdà" lásán, ìrẹsì wà lórí iná. Orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà, ọwọ́ lókè, títí ìrẹsì yẹn fi jinná. Ọjọ́ yẹn ni mo mọ̀ pé ìrẹsì kì í tètè jinná.

Nítorí náà, tí bọ́ọ̀lù bá ti dé ọ̀dọ̀ mi, "Ẹ̀gbọ́n!" ni mo máa ń ké. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á jọ sáré bọ̀, tàbí kí wọ́n jọ dúró máa wo ara wọn. Tí mo bá ní kí n pè é délẹ̀, "Ẹ̀gbọ́n Mú...", wọ́n á ti gba bọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀ mi. Àárín wá di ilé mi. Kóòṣì sọ fún wa pé a máa bá àwọn ọmọ Muṣin gbá ní Sátidé, ó sì wojú mi: bí mo bá ṣì ń gbé àárín títí di Ọjọ́bọ̀, ọsàn ni màá bá wọn rù lọ. Ẹkún ni mo sun délé.

Ìyá àgbà, ìyá bàbá mi tó wá kí wa láti Ògbómọ̀ṣọ́, ló bi mí ohun tó ṣẹlẹ̀. Nígbà tí mo rojọ́ tán, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Ọ̀rọ̀ ìyàwó ilé lo gbé wá yìí," ó ní. "Nígbà tí mo wọlé ọkọ, ọmọ tí wọ́n bí kí n tó dé, ọmọ ọwọ́ pàápàá, n ò gbọdọ̀ pe orúkọ rẹ̀. Mo sì pe gbogbo wọn! Ẹwà ara wọn ni mo fi sọ wọ́n lórúkọ. Ìwọ náà, lọ sọ àwọn ọkọ rẹ lórúkọ."

Mo lọ lọ́jọ́ kejì, mo sì ro ohun tí Ìyá àgbà wí fún wọn. Ẹ̀gbọ́n Múdà, tó dúdú tó ń dán, di Adú. Ẹ̀gbọ́n Sọjí di Eyínfún. Ẹ̀gbọ́n Fẹ́mi tó ga di Agùntáṣọọ́lò, "Agùn" tí a bá ń kánjú, inú Kóòṣì sì dùn sí orúkọ yẹn nítorí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Kí n tó wí "Adú!" tán, bọ́ọ̀lù ti lọ. Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, ẹlòmíì ni wọ́n ní kó ru ọsàn.

Ní Sátidé, gbogbo wa la ń fi orúkọ wọ̀nyẹn ké síra wa. Àwọn ọmọ Muṣin mọ Múdà, wọn ò mọ Adú. Síbẹ̀, a gbá a títí, kò sẹ́ni tó jẹ gólì. Ó kù díẹ̀ kó parí ni bọ́ọ̀lù dé ẹsẹ̀ mi nítòsí ojú ilé wọn. Mo ké "Adú!" Ohùn màmá mi ló dá mi lóhùn. Ó ń bọ̀ láti ọjà, ó ti dúró sétí pápá.

"Ta lò ń pè ní Adú?"

Ẹsẹ̀ mi kú sórí bọ́ọ̀lù. Mo ti ń rí ìkúnlẹ̀ ọjọ́ náà, ẹ̀wà ló sì wà nínú agbọ̀n màmá mi, kì í ṣe ìrẹsì.

"Èmi ni, Mà!" Ẹ̀gbọ́n Múdà ló pariwo. "Ìyàwó wa ló sọ mí bẹ́ẹ̀!"

Gbogbo pápá bú sẹ́rìn-ín. Màmá mi sọ agbọ̀n kalẹ̀, ó ń di ìhà mú. Àwọn ọmọ Muṣin náà ń rẹ́rìn-ín, wọn ò rántí mú Adú. Mo gbá bọ́ọ̀lù fún un, ó sì gbá a wọlé.

Lónìí, mo máa ń sin ọmọ ọmọ mi lọ sí pápá tiwọn. Koríko rọ́bà ni, Kóòṣì wọn ń fi fóònù ya wọ́n. Má Fún Un náà ni wọ́n ń ṣe, wọ́n kàn fún un lórúkọ òyìnbó. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ń pe ẹni ọdún mẹ́rìnlá lórúkọ gbàgì, kò sì sí ìkúnlẹ̀ fún un nílé. Bọ́ọ̀lù wọn yára ju tiwa lọ, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n tiwa ò tíì tán.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, fóònù mi dún, ìyàwó mi gbé e. Ohùn arúgbó kan ní, "Ìyàwó wa, ṣé àlàáfíà lo wà?" Ìyàwó mi na fóònù sí mi.

"Bàbá Ṣọlá, ẹ gbà o. Ọkọ yín ló ń pè yín."