Awọ Tó Wà Nínú Omi

Bẹ́líìtì mi já ní Jíbówú láàárọ̀ yìí. Kò já nílé, kò já nígbà tí mo jókòó. Ó dúró dìgbà tí mo gbé báàgì sórí, tí ọwọ́ mi méjèèjì wà lókè. Oṣù kan ò tíì pé tí mo rà á. Ẹni tó tà á fún mi búra pé awọ gidi ni. Ó ti ń bó bí ìpẹ́ ẹja, mo ṣì gbà á gbọ́, èmi tí mo dàgbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó mọ awọ ju bó ṣe mọ àwọn ọmọ ẹ̀ lọ.

Bàbá kan ni, nílé tá a gbé ní Mùṣín láyé ṣọ́jà. Gàárì ẹṣin ni wọ́n ń ṣe. Ọ̀yọ́ ni wọ́n ti gbé iṣẹ́ náà wá, àwọn tó ń gbé èèyàn gẹṣin létí òkun láti ya fọ́tò ló sì ń rà á. Òórùn awọ ewúrẹ́ kún yàrá wọn. Tí mo bá ti ilé ìwé dé, kó, kó, kó ni mo máa ń kọ́kọ́ gbọ́, igi lórí awọ. Abẹ́rẹ́ méjì ni Bàbá fi ń rán an, ọ̀kan láti ọ̀tún, ọ̀kan láti òsì, káwọn méjèèjì pàdé nínú ihò kan náà, pé tí okùn kan bá já, èkejì á ṣì dì í mú. Ṣùgbọ́n awọ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sùn nínú omi. Awọ tí ò bá tíì mumi yó, Bàbá ò ní fabẹ́rẹ́ kàn án.

Wọn ò ní ọmọṣẹ́ kankan. Àwọn ọmọ wọn ń ta páàtì mọ́tò. Bàbá máa ń sọ pé ikú ò ba àwọn lẹ́rù, pé iṣẹ́ gàárì tó máa bá àwọn wọ ilẹ̀ ló ń dun àwọn.

Ni ọ́fíìsì kan bá kéde pé àwọn fẹ́ gbé iṣẹ́ ọwọ́ lárugẹ. Oníṣẹ́ awọ kan péré ni wọ́n máa mú, wọ́n á fún un ní ṣọ́ọ̀bù àtọmọṣẹ́ mẹ́wàá. Bàbá gbé agbádá Iléyá wọ̀, wọ́n ní kí n tẹ̀ lé àwọn lọ sí gbọ̀ngàn kan ní Àgùdà, torí pé mo gbọ́ òyìnbó. Òyìnbó wo? Fọ́ọ̀mù tuù ni mo wà, mo sì ń kà á nígbà kejì.

Wọ́n pín awọ gbígbẹ fáwọn mẹ́ta tó wá, pé kí kálukú ṣe pọ́ọ̀sì láàárín wákàtí kan. Àwọn méjì yòókù fa gọ́ọ̀mù yọ. Bàbá béèrè bọ́kẹ́ẹ̀tì omi, wọ́n ri awọ sínú ẹ̀, wọ́n ká agbádá sórí èjìká, wọ́n jókòó.

Ọ̀gá kan tó wọ táì wo aago, ó wo bọ́kẹ́ẹ̀tì. Ó ní, “Bàbá, ṣé aṣọ lẹ wá fọ̀ fún wa ni?”

Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Bàbá rọra ṣàlàyé pé awọ ò tíì mumi yó, pé káwọn padà wá rán an lọ́la. Onítáì ní ìjọba kì í dúró de awọ.

Oní-gọ́ọ̀mù kan ni wọ́n mú. Kí wọ́n tó ya fọ́tò ẹ̀ tán, ìdí pọ́ọ̀sì ti là. Wọ́n ní kó fọwọ́ bò ó, kí fọ́tò lè dáa.

Inú ṣì ń bí mi dòní. Ẹ ní ẹ fẹ́ kí iṣẹ́ àwọn bàbá yín wà dọ̀la, ẹ ò sì lè dúró kí awọ mumi. Kí wá lẹ fẹ́ gbé lárugẹ, gọ́ọ̀mù?

Lọ́jọ́ kejì, Bàbá fi awọ tí wọ́n gbé tòun tomi wálé rán pọ́ọ̀sì bó ṣe yẹ, wọ́n gbé e fún mi. Ó wà lápò mi báyìí, ojú okùn kan ò tíì tú. Kò sẹ́ni tó lè rán irú ẹ̀ ládùúgbò wa mọ́. Èmi gan-an tí mo jókòó tì wọ́n fọ́dún mẹ́rin, bí wọ́n ṣe ń pọn omi nìkan ni mo mọ̀.

Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e fún mi, mo dúpẹ́, mo wá gbẹ́nu lé onítáì, mò ń bú u lọ ràì. Bàbá ò gbójú sókè.

Wọ́n ní, “Nígbà tí gbọ̀ngàn ń rẹ́rìn-ín, eyín tìẹ ni mo kọ́kọ́ rí.”