Ajá Tí Mo Lọ Yá ní Ẹ̀pẹ́

Mi ò bẹ̀ yín pé kẹ́ ẹ gba ọ̀rọ̀ yìí gbọ́. Ìyàwó mi gan-an ò kọ́kọ́ gbà á gbọ́, bẹ́ẹ̀ ọdún kọkànlá rèé tá a ti jọ ń gbé. Ohun tí mo kàn fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ ni pé mi ò mutí lọ́jọ́ náà, oorun ò kùn mí, ọ̀sán sì pọ́n gangan. Ojú mi méjèèjì yìí ló rí i.

Iṣẹ́ láàbù ni mò ń ṣe, ní Ikorodu níbí, kò jìnnà sí ibùdókọ̀ Agric. Ẹ̀yà ara tí àwọn dókítà bá gé lára aláìsàn ni wọ́n ń gbé wá fún wa. Àwa la máa rẹ́ ẹ títí á fi fẹ́lẹ́ ju bébà lọ, a ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ gíláàsì, a ó pa á láró, ọ̀gá wa, Dókítà Ọmọlará, á wá fi awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá wò ó kó tó sọ irú àìsàn tó jẹ́.

Nínú àwọn nǹkan tá a fi ń pa á láró, ọ̀kan wà tá à ń pè ní Ajá. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Orúkọ tí àwọn tó ṣe é kọ sára ìgò rẹ̀ ni DOG1, àwa sì ti túmọ̀ ẹ̀ sí Yorùbá lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ wa.

Àńtíbọ́dì ni. Lára awọ tó bo sẹ́ẹ̀lì èèyàn, àwọn ẹnu ọ̀nà tín-tìn-tín wà tí èròjà iyọ̀ ń gbà wọlé, tó ń gbà jáde. Irú ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo ni Ajá máa ń wá kiri. Tó bá ti rí i, á rọ̀ mọ́ ọn, ibẹ̀ á sì pọ́n lójú awò bí ara ẹja gbígbẹ. Kókó kan wà tó máa ń yọ nínú ikùn, ẹnu ọ̀nà yẹn ló máa ń kún ara ẹ̀. Bí Ajá bá ti mú un, a mọ̀ pé òun ni, oògùn oníhóró kan sì wà tó ń bá a jà dáadáa. Bí Ajá ò bá mú un, ìtọ́jú mìíràn ni.

Bí mo ṣe ṣàlàyé ẹ̀ nìyẹn fún Èbùn lọ́jọ́ tó gbé kókó ìyá rẹ̀ wá fún wa. Ọmọ Ìlàjẹ ni Èbùn, ìyá rẹ̀ ń yan ẹja ní abúlé kan létí ọ̀sà, ó ń kó o lọ tà ní Ọjà Olúwo. Wọ́n ti yọ kókó kan nínú ikùn ìyá náà, àmọ́ wọn ò lè yọ ọ́ tán. Dókítà tó ṣiṣẹ́ abẹ ọ̀hún ń dúró de èsì wa kó tó mọ oògùn tó máa fún un, ó sì ti sọ pé òun ò fẹ́ kó kọjá ọjọ́ Ajé.

Láti ọjọ́ tí mo ti ṣàlàyé, àràárọ̀ ni Èbùn ń pè mí.

“Bùrọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé Ajá yẹn ti gbó?”

“Kò tíì gbó, Èbùn. Fọkàn balẹ̀.”

Lọ́jọ́ Ẹtì, mo ta Ajá sórí gíláàsì kókó ìyá Èbùn. Mo tún ta á sórí kọ́ńtíróòlù, ìyẹn kókó ti ẹlòmíràn tá a ti mọ̀ dájú pé ó gbọ́dọ̀ pọ́n. Dókítà gbé ojú lé awò, ó wo ti ìyá Èbùn. Ó gbé kọ́ńtíróòlù wò.

“Ajá ẹ ti kú,” ló wí.

Òótọ́ ni. Àwọn méjèèjì funfun báláú. Iná tí wọn ò fún wa láti ọjọ́ mẹ́rin, àti jẹnẹrétọ̀ tó ń gbọ̀n bí aláìsàn ibà, wọ́n ti jọ pa á sínú fìríjì. Bí a bá sì béèrè òmíràn, láti òkè òkun ló ti ń bọ̀, ó lè tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Dókítà rántí pé ẹnì kan ti sọ fún òun rí pé ọsibítù aládàáni kan wà ní Ẹ̀pẹ́ tí láàbù ibẹ̀ máa ń ní i. Ó pe nọ́ńbà tó rí, kò sẹ́ni tó gbé e. Ó ní kí n máa lọ fúnra mi láàárọ̀ Sátidé, kí n gbé kúlà dání.

Mo kúrò nílé ní Itamaga, mo ra yìnyín sínú kúlà, mo sì gba ọ̀nà Ìtóìkín. Oòrùn ń jó ọkọ̀ mi àtijọ́ lórí bí ẹni ń yan án. Mo ti yà ra mínírà kan, mo sì tì í bọ inú yìnyín. Ẹ má dá mi lẹ́jọ́. Ooru ni.

Nígbà tí mo fi rí ọsibítù yẹn, aago méjìlá ti lù. Àwọn tó bí wa máa ń sọ pé ọ̀sán gangan kì í ṣe àkókò téèyàn ń dá rìn káàkiri, mo sì máa ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Mi ò fi wọ́n rẹ́rìn-ín mọ́.

Géètì ṣí sílẹ̀. Kò sí ọlọ́dẹ. Mo kí títí, kò sẹ́ni tó dáhùn. Mo rí ọfà kan lára ògiri tí wọ́n kọ láàbù sí lábẹ́, mo tẹ̀ lé e dé ẹ̀yìn ilé.

Ẹ gbà mí gbọ́, bí mo ṣe wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn ni ara mi tutù. Jẹnẹrétọ̀ kankan ò dún. Kò sí fáànù tó ń yí. Síbẹ̀ ó tutù bíi pé èèyàn ki orí bọ fìrísà.

Bàbá kan jókòó sídìí tábìlì. Kóòtù funfun rẹ̀ gún régé, okùn dúdú ló fi so awò ojú ẹ̀ mọ́ ọrùn. Mo dọ̀bálẹ̀. Mi ò tíì la ẹnu tó fi sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọdé:

“Ajá lo wá gbà.”

Mo rò pé Dókítà ló ti rí wọn pè. “Bẹ́ẹ̀ ni, sà.”

“Báwo lo ṣe máa pò ó?”

“Ajá kan sí omi àádọ́ta, sà.”

Bàbá bọ́ awò ojú. Wọ́n wò mí bí olùkọ́ ṣe ń wo ẹni tó gba òdo.

“Ṣé ọbẹ̀ lo fẹ́ fi sè ni? Ọ̀kan sí ọgọ́rùn-ún. Ta ló kọ́ ẹ níṣẹ́?”

Mi ò dárúkọ ẹnì kankan. Wọ́n ní kí n ṣí kúlà. Wọ́n yọjú wò ó, ojú wọn sì le.

“Kí ni mínírà ń wá níbi tí àńtíbọ́dì máa sùn sí?”

Mo yọ mínírà. Mo gbé e sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ ògiri bí ọmọ tí wọ́n ká ẹran mọ́ lẹ́nu. Wọ́n dìde, wọ́n ṣí fìríjì ńlá kan, iná tàn nínú ẹ̀, wọ́n mú ìgò tó kéré ju ìka lọ jáde. Wọ́n fi pẹ́ńsùlù kọ “Ajá” sára ẹ̀. Wọn ò fi lé mi lọ́wọ́ o. Àwọn fúnra wọn ló rọra kì í bọ inú yìnyín, wọ́n sì ní kí n kọ orúkọ mi sínú rẹ́jísítà, kí n buwọ́ lù ú.

Ohun kan ṣe mí ní kàyéfì. Pẹ̀lú bí ibẹ̀ ṣe tutù tó, àágùn ooru ìta ṣì ń kán lójú mi sórí rẹ́jísítà. Ìka ọwọ́ bàbá tó wà nínú yìnyín kò lómi lára nígbà tí wọ́n yọ ọ́.

Mo dúpẹ́, mo kó ẹsẹ̀ mi. Mi ò rántí gbé mínírà.

Lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, èmi àti Dókítà pàdé ní láàbù. Mo po Ajá ní ọ̀kan sí ọgọ́rùn-ún. Èsì ló ń dẹ́rù bà mí nígbà yẹn, mi ò tíì mọ ohun tó yẹ kó dẹ́rù bà mí. Dókítà gbé ojú lé awò. Kọ́ńtíróòlù pọ́n. Òmíràn tá a mọ̀ pé kò yẹ kó pọ́n ò pọ́n. Ó wá gbé ti ìyá Èbùn sí i.

“Wá wò ó,” ló wí.

Ó pọ́n láti etí dé etí. Lọ́dún mẹ́sàn-án tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, mi ò rí Ajá tó gbó tó bẹ́ẹ̀ rí.

Mo pe Èbùn lójú ẹsẹ̀. Mo ní, “Èbùn, ó ti gbó o.” Ẹkún ló bú sí, mo sì gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀ lẹ́yìn tó ń béèrè pé ajá ta ló bù ú jẹ. Lọ́jọ́ Ajé, wọ́n bẹ̀rẹ̀ oògùn.

Ibí tó yẹ kí ìtàn parí sí nìyí. Àmọ́ Dókítà wa kì í fi ìwé sílẹ̀ láìkọ. Ó ní kí n mú nọ́ńbà tó wà lára ìgò wá, kí òun kọ ibi tí àńtíbọ́dì ti wá. Mo fún un ní ìgò. Ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn. Kò sí orúkọ ilé iṣẹ́. Kò sí nọ́ńbà. Pẹ́ńsùlù nìkan.

Ó pe Ẹ̀pẹ́. Lọ́tẹ̀ yìí, nọ́ọ̀sì kan gbé e, ó ní Sístà Fúnmi ni orúkọ òun. Dókítà fi fóònù sórí sípíkà kó lè dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn.

“Láàbù wo, mà?” ni Sístà Fúnmi wí. “A ti ti láàbù pa láti ìgbà tí ọ̀gá ibẹ̀ ti kú. Ó ti lé lọ́dún méjì.”

Dókítà wò mí. Èmi náà wo ilẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti Dókítà Ọmọlará fún yín. Òun ló máa ń sọ pé kò sí nǹkan tó ń jẹ́ iwin, pé èèyàn tí kò jẹun tó ló ń rí i. Nígbà tí mo fi máa dé láàbù lọ́jọ́ kejì, ó ti gbé Bíbélì sórí fìríjì. Ó ní kí eruku má bàa bà sí i nínú ọ́fíìsì ni. Ó tún béèrè Ajá tuntun lọ́wọ́ àwọn òkè òkun kíá. Nígbà tó dé, a tún iṣẹ́ ìyá Èbùn ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Èsì kan náà ló jáde, àmọ́ kò pọ́n tó ti àkọ́kọ́. Ìyá náà sì ti ń jẹun, ó ti ń jókòó sídìí ẹja rẹ̀ lọ́jà.

Ọkàn mi ò balẹ̀ sá. Mo padà lọ sí Ẹ̀pẹ́. Ọjọ́rú ni mo lọ, láàárọ̀, èrò sì pọ̀ lọ́sibítù. Sístà Fúnmi, obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan, mú kọ́kọ́rọ́ dání, ó sì ṣíwájú mi lọ sẹ́yìn ilé. Kọ́kọ́rọ́ yẹn dípẹtà débi pé ó fi òróró sí i kó tó yí.

Ooru inú ibẹ̀ tó fi dín àkàrà. Eruku bo tábìlì. Ó ṣí fìríjì ńlá yẹn fún mi: kọ́tìnnì àtijọ́ ni wọ́n kó sínú ẹ̀, wáyà ìdí ẹ̀ sì ti já.

Rẹ́jísítà wà lórí tábìlì. Ó ṣí i. Orúkọ mi nìyẹn, ọwọ́ mi nìyẹn, àmì àágùn mi ṣì wà lára ìwé.

Sístà Fúnmi ò pariwo. Ó kàn rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀.

“Ṣé wọ́n bá yín jà lórí bẹ́ ẹ ṣe fẹ́ pò ó?”

“Wọ́n bá mi jà.”

“Ọ̀gá wa náà ni. Ẹ̀yin lẹ ṣìkẹta.”

Ó ní ẹnì kan ti wá láti Ṣàgámù, ẹnì kan láti Ìjẹ̀bú-Òde, àwọn náà wá dúpẹ́. Ó ti ilẹ̀kùn padà, ó dúró, ó sì bi mí ní ìbéèrè kan tí mi ò tíì sọ fún ìyàwó mi títí dòní.

“Ṣé wọ́n fi iṣẹ́ lọ̀ yín?”

Ìgbà yẹn ni mo rántí. Bí mo ṣe ń jáde lọ́jọ́ Sátidé yẹn, bàbá ti sọ lẹ́yìn mi pé, “A ò tó níbí. Ṣé wàá wá bá wa ṣiṣẹ́?” Ẹ̀yin náà ẹ mọ bí a ṣe ń dá àgbà lóhùn.

“Wọ́n fi lọ̀ mí,” ni mo wí.

“Kí lẹ sọ?”

“Mo ní, bí Ọlọ́run bá fẹ́, sà.”

Sístà Fúnmi wò mí títí. Mo ní kí làwọn méjì tó kù sọ. Ó ní ará Ṣàgámù sọ pé òun ò lè fi iṣẹ́ òun sílẹ̀. Mo ní ará Ìjẹ̀bú-Òde ńkọ́? Ó ní kí n máa lọ kí ọ̀nà má bàa dí.

Nítorí náà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ka èyí, ẹ fetí sílẹ̀. Bí àgbàlagbà tẹ́ ò mọ̀ rí bá ràn yín lọ́wọ́ lọ́sàn-án gangan, ẹ dọ̀bálẹ̀, ẹ dúpẹ́. Bó bá wá fi iṣẹ́ lọ̀ yín, ẹ gbàgbé ẹ̀kọ́ ilé. Ẹ wò ó lójú, kẹ́ ẹ sì sọ pé rárá.