Ààwẹ̀ Ìyá Mi Lórí Bàtà Ẹlòmíràn

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú tí ìyá mi jalè ni ọ̀rọ̀ ẹ̀rí-ọkàn wọ̀ mí lára, kò sì tíì jáde títí di òní. Mo jókòó síwájú ilé wa ní Orè, mo ń fi búrọ́ọ̀ṣì nu inú fóònù oníbàárà kan, nígbà tí ọlọ́kadà já ìyá mi sílẹ̀ láti ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun wọn ní Odigbó. Ó bọ́ sálúbàtà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó wò ó, ó sì lọgun.

"Mo gbé! Mo ti jalè nílé Olúwa!"

Mo sáré wò ó. Ó jọ tirẹ̀ gan-an. Ṣùgbọ́n tirẹ̀ ti já lápá ọ̀tún rí, ẹni tó ń tún bàtà ṣe sì fi òwú dúdú rán an lójú méje. Mo mọ̀ pé méje ni, torí èmi ni mo gbé e lọ, mo sì kà á. Èyí kò ní òwú kankan. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn, ẹnikẹ́ni kì í wọ bàtà wọlé. Gbogbo ìjọ a bọ́ ọ jọ sẹ́nu ọ̀nà, bí ìsìn bá parí, kálukú a wá tirẹ̀ nínú òkìtì. Ìyá mi wá tirẹ̀, ó mú tẹlòmíràn.

"Ẹ dá a padà lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀, mà."

"Ẹni tó ni ín tó fẹsẹ̀ lásán rìn lọ sílé ńkọ́? Nínú oòrùn yìí?" Ó ti ń tẹ́ bébà sábẹ́ bàtà náà kó má baà dọ̀tí. "Láti ọ̀la, ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Omi gan-an, mi ò ní fẹnu kàn án."

Ohun tó já mi láyà nìyẹn. Ìyá mi ní ẹ̀jẹ̀ ríru, dókítà sì ti kìlọ̀ pé kó máa jẹun kó tó lo oògùn rẹ̀ láràárọ̀. Bí kò bá jẹun, kò ní lò ó. Mo mú ìwé kan, mo ka iye ọjọ́ tó ti fi gbààwẹ̀ ẹ̀ṣẹ̀ láàárín oṣù kan: mọ́kànlá. Ọ̀kan jẹ́ torí pé ó rẹ́rìn-ín nígbà ìwàásù. Ọ̀kan jẹ́ torí pé ó ṣépè fún adìyẹ.

Lọ́jọ́ kejì, mo sọ ọ́ fún oníbàárà mi kan, awakọ̀ mùsùlùmí ní gáréèjì.

"Mo mọ irú ìyá ẹ yẹn," ló wí. "Èmi náà ti wakọ̀ dé ìlú Ajué lọ́jọ́ kan kí n tó rántí pé mi ò dáhùn sálámà tí bàbá kan kí mi ní gáréèjì níbí. Mo yí mọ́tò padà. Díẹ̀ ló kù kí àwọn èrò lù mí."

Mo kọ ìyẹn náà sílẹ̀.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ìyá mi kò tíì jẹun, kò sì tíì lo oògùn. Mo di bàtà náà sínú ọ̀rá, mo wá ẹni tó ni ín lọ sí ọjà. Mi ò wá jìnnà. Ìyá elépo, tí òun àti ìyá mi jọ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì kan náà, jókòó sẹ́yìn kẹ́ẹ̀gì rẹ̀, ó ń fi ọbẹ̀ ilá jẹ pupuru. Mo wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Òwú dúdú, ojú méje.

"Ẹ kú ìjókòó, mà. Bàtà ẹsẹ̀ yín yìí, ti ìyá mi ni."

"Mo mọ̀."

"Ẹ mọ̀?"

"Láti ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì ni mo ti mọ̀. Tèmi ń há mi lẹ́sẹ̀, mo bá fi í sílẹ̀ fún un."

"Ìyá mi ti ń gbààwẹ̀ láti àná torí pé ó mú tiyín!"

Ó gé òkèlè. "Ààwẹ̀ dára. Ìwọ jókòó, wá jẹun."

"Ẹ ń rí oorun sùn, mà?"

"Oorun? Mo sùn débi pé mo pẹ́ dé ọjà."

Mo bẹ̀ ẹ́ títí ó fi tẹ̀ lé mi délé. Nígbà tí ìyá mi gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, ó bínú. Mo wo aago: ogójì ìṣẹ́jú àáyá péré. Lẹ́yìn náà ló kúnlẹ̀.

"Ẹ foríjì mí, mo bínú sí yín nínú ààwẹ̀. Ẹ máa wọ bàtà náà lọ. Màá fi ọjọ́ mẹ́ta kún un."

"Ta ló mú bàtà?" ni ìyá elépo bi í.

"Ẹ̀yin ni."

"Ta ló wá yẹ kó gbààwẹ̀?"

"Ẹ̀yin ni."

"Ó dáa, èmi á gbà á bó bá yá. Ẹ̀yin ẹ lọ jẹun, jàre."

Ìyá mi jẹun, ó sì lo oògùn. Láti ọjọ́ náà, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ tí kò kọ́kọ́ ń gbé lọ sọ́dọ̀ ìyá elépo kó tó gbààwẹ̀ lé e lórí. Ìyẹn á fetí sílẹ̀ dáadáa, á ní, "Èyí kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ẹ lọ jẹun." Mọ́kànlá di mẹ́fà, mẹ́fà di mẹ́ta. Lójú ewé ti ìyá elépo, òdo ni mo ń kọ lóṣooṣù, mo sì máa ń bi í bóyá ó ti yá. Á ní kò tíì yá.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ló ránṣẹ́ pè mí.

"Mo rí ìyá ẹ bó ṣe ń tiro bọ̀ láti ṣọ́ọ̀ṣì nínú bàtà mi yẹn. Nǹkan kan wá ń ṣe mí níbí." Ó fọwọ́ kan àyà. "Kí ni wọ́n ń pè é?"

Mo sọ fún un pé ẹ̀rí-ọkàn ni. Ó ní òun ti gbààwẹ̀ rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà, láti aago mẹ́fà títí di aago mẹ́wàá, nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dín àkàrà lápá kejì ọjà. Mo ṣí ìwé mi, mo kọ ti oṣù yìí: ìyá mi, ọjọ́ kan; ìyá elépo, wákàtí mẹ́rin.