Ìyá Rúlà àti Bọ́tìnì Ọ̀gá

Nọ́ọ̀sì ni obìnrin yìí fún ogún ọdún kí orúnkún tó lé e kúrò ní wọ́ọ̀dù wá sọ́dọ̀ àwa tí à ń to fáìlì. Bó bá fẹ́ ka lẹ́tà, á fi rúlà onígi kan sábẹ́ ìlà kọ̀ọ̀kan, á sì máa fẹnu kà á wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bí ọmọ iléèwé. Ìdí nìyẹn tí a fi ń pè é ní Ìyá Rúlà. Ó mọ̀, kò sì bínú sí wa.

Iṣẹ́ wa kò le. Àwọn aláìsàn á kọ lẹ́tà sí ilé ìwòsàn, àwa á kà á, a ó sì sọ ẹni tó yẹ kó kọ́kọ́ rí dókítà. Lọ́dún tó kọjá, wọ́n gbé ẹ̀rọ òye àtọwọ́dá dé, pé òun ni yóò máa to àwọn lẹ́tà náà. Yàrá fáìlì wa ni wọ́n gbà fún un, wọ́n sì gbé ẹ̀rọ amúlétutù méjì sí i, torí ọpọlọ inú rẹ̀ máa ń gbóná. Àwa èèyàn ń fi èèpo fáìlì fẹ́ ara wa. Ìyá Rúlà ní òun kò tíì rí àlejò tó gba ibùsùn lọ́wọ́ onílé rí.

Ìjọba ṣòfin pé ẹ̀rọ kankan kò gbọ́dọ̀ dá ìpinnu ṣe lórí aláìsàn. Èèyàn gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò kó tó jáde. Òfin yẹn dáa. Ohun tí ọ̀gá wa fi ṣe ni kò dáa. Ó ní kí wọ́n fi bọ́tìnì kan sójú kọ̀ǹpútà, wọ́n kọ "Mo ti yẹ̀ ẹ́ wò" sí i, ó sì pín lẹ́tà ọ̀ọ́dúnrún fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lójúmọ́. Ta ló lè ka ọ̀ọ́dúnrún? Èmi tẹ̀ ẹ́. Mo ń tẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń pa èèrà, n kò ní purọ́ fún yín. Ọmọ mẹ́ta ló ń wo ọwọ́ mi, ẹ̀rù sì ń bà mí.

Ìyá Rúlà ka ogójì. Ogójì náà ló tẹ bọ́tìnì fún. Bó ṣe ń ṣe nìyẹn lójoojúmọ́, ìsàlẹ̀ pátápátá ló sì máa ń ti bẹ̀rẹ̀, lọ́dọ̀ àwọn tí ẹ̀rọ ní kò kánjú.

Ibẹ̀ ló ti rí lẹ́tà bàbá káfíńtà kan. Bàbá bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ bí gbogbo àgbà wa ṣe ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀: "A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ara ti ń le." Ẹ̀rọ gba ìlà àkọ́kọ́ yẹn gbọ́, ó ní kí bàbá wá lẹ́yìn oṣù mẹ́rin. Ìlà kẹsàn-án ni bàbá ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pé òun ní àtọ̀gbẹ, pé egbò ẹsẹ̀ òun kò dun òun mọ́, ìṣó tilẹ̀ gún òun, òun kò mọ̀. Ìyá Rúlà mọ̀ pé ẹsẹ̀ ti ń kú nìyẹn; ó gbàgbé orúnkún rẹ̀, ó sáré dìde. Ọjọ́ yẹn náà ni wọ́n gba bàbá sí wọ́ọ̀dù. Wọ́n gé ìka ẹsẹ̀ kan, ẹsẹ̀ sì kù fún un.

Dípò kí ọ̀gá dúpẹ́, ìwé ló gbé síwájú Ìyá Rúlà láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Àwọn olùyẹ̀wò láti ọ̀dọ̀ ìjọba ń bọ̀, kó fọwọ́ sí i pé òun ka ọ̀ọ́dúnrún lójúmọ́. Gbogbo wa ti fọwọ́ sí tiwa. Ọ̀gá rán an létí pé ọdún mẹ́ta péré ló kù kó fẹ̀yìn tì.

"Ogójì ni mo kà," ni Ìyá Rúlà wí. "Ẹ kọ ogójì síbẹ̀, màá fọwọ́ sí i. Orúkọ tí bàbá mi sọ mí, mi ò ní fi sábẹ́ irọ́."

Kó tó di ọ̀sán, wọ́n ti lé e lọ sídìí fèrèsé tí wọ́n ti ń gba lẹ́tà lọ́wọ́ àwọn èèyàn. Inú bí mi, àmọ́ ìdí bọ́tìnì mi ni mo padà sí bí ojo. Ọ̀gá rò pé òun fìyà jẹ ẹ́. Kò rántí pé ibẹ̀ ni gbogbo lẹ́tà ń gbà wọlé.

Àgbà tó bá ti mú lẹ́tà dé, Ìyá Rúlà á fi rúlà sábẹ́ ìlà àkọ́kọ́, á ní kó lọ tún un kọ, kó fi ibi tó ń dùn ún ṣáájú. Ìyá arúgbó kan bínú, ó ní ṣé kí òun máa ráhùn bí aláìmoore ni.

"Màmá, Ọlọ́run mọ̀ pé ẹ moore. Ẹ̀rọ yìí ni ò mọ̀ yín. Ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́."

Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kò sí lẹ́tà tí ẹ̀rọ kò kọ "kíákíá" sí lórí. Gbogbo èèyàn di ẹni àkọ́kọ́. Àwọn dókítà ń bú, ọ̀gá ń làágùn nínú yàrá tó tutù jù nílé ìwòsàn. Nígbà tó yá, ó wá sídìí fèrèsé, ó béèrè ohun tí Ìyá Rúlà ń sọ fún àwọn aláìsàn. Ìyá Rúlà ní òótọ́ ni òun ní kí wọ́n sọ. Ọ̀gá mí kanlẹ̀, ó ní kó jọ̀ọ́, kó padà wá máa ka lẹ́tà.

Ìyá Rúlà ti kọ ìwé tirẹ̀ sílẹ̀: ẹnì kan kò ní ka ju ogójì lọ lójúmọ́, ẹni tí kò bá kà kò ní tẹ bọ́tìnì, kí wọ́n sì wá èèyàn kún wa. Gbogbo wa dìde, à ń wò. Èmi gan-an ti gbé ọwọ́ kúrò lórí bọ́tìnì. Ọ̀gá fa bírò yọ, ó bẹ̀rẹ̀ láti fọwọ́ sí i.

Ìyá Rúlà gbé rúlà lé ọwọ́ rẹ̀.

"Ẹ kọ́kọ́ kà á, ọ̀gá."

Ó kà á. Ìlà kọ̀ọ̀kan, ó ń fẹnu kà á, gbogbo wa sì ń gbọ́.