Gátò Saliou àti Orin Kẹta

Bí ẹ bá fẹ́ mọ irú orin tí Saliou gbọ́ lánàá, ẹ wo ṣòkòtò tó rán lánàá. Télọ̀ ni, ní Kétu níbí. Ilé rẹ̀ àti ilé mi jọ pín ògiri kan ni, ẹgbẹ́ sì ni wá láti kékeré. Rúḿbà àtijọ́ ló máa ń fi sí i bó bá ń ránṣọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ a sì máa bá orin lọ lórí ẹ̀rọ ìránṣọ. Bí orin bá rọra ń lọ, aṣọ yóò gún régé. Bí orin bá yá, kí Ọlọ́run ṣàánú ẹni tó ni aṣọ. Ọkọ mi ní ṣòkòtò kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan balẹ̀ dáadáa, tí èkejì dúró sí ojúgun, torí pé Saliou pààrọ̀ àwo orin kó tó rán ẹsẹ̀ kejì.

Àwo orin rẹ̀ lé ní igba. Ó máa ń kà wọ́n fún mi láìjẹ́ pé mo bi í. Àwọn ará Kútọnù ló ń dà wọ́n nù nígbà tí kásẹ́ẹ̀tì dé, òun ló sì ń ṣà wọ́n bọ̀ wálé. Lára àpò àwo kọ̀ọ̀kan, ó kọ orúkọ ẹni tó kọ́kọ́ jó sí i nínú ilé rẹ̀. Orúkọ tèmi wà lára mọ́kànlá. Ọkọ mi rò pé mẹ́ta ni.

Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ kú, ó ní òórùn ilé náà kò jọ ti ilé tí ènìyàn ń gbé mọ́, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe gátò, àkàrà òyìnbó. Ó gé àgbá epo, ó fi amọ̀ rẹ́ ẹ nínú, ó kó èédú sísàlẹ̀, ó kó èédú sórí ìdérí, ààrò dé nìyẹn. Ta ló ń tọ́ gátò wò? Èmi Prudence, aládùúgbò rere. Mo ti jẹ èyí tó fi èèpo ọsàn ṣe, mo ti jẹ elẹ́pà, mo sì ti jẹ ọ̀kan tó fi gàrí ṣe, tí eyín mi ọwọ́ ọ̀tún kò gbàgbé títí di òní. Ṣùgbọ́n n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Èyí tó fi àgbọn ṣe dùn débi pé mo sá wọ yàrá jẹ ẹ́, kí àwọn ọmọ mi má baà rí mi.

Saliou kì í wo aago bí gátò bá wà nínú ààrò. Ó ní aago kò mọ nǹkan kan nípa gátò. Àwo kan ṣoṣo ló fi ń wọ̀n ọ́n. Ẹ máa gbọ́ ojú kìíní tán, ẹ yí àwo padà, bí orin kẹta lójú kejì bá sì parí, gátò ti jinná. Kò gbọdọ̀ yá, kò gbọdọ̀ pẹ́. Mo bá a jà lórí ọ̀rọ̀ yìí títí ó fi sú mi, torí pé ó ń ṣiṣẹ́.

Ní ọdún yìí ni Aïcha, ọmọ kan ṣoṣo tí Saliou bí, fẹ́ ṣègbéyàwó. Olùkọ́ ni ní Àjàṣẹ́, ìdílé oníṣòwò sì ni ọkọ àfẹ́sọ́nà rẹ̀ ti wá. Saliou ní òun ni òun máa ṣe gátò ìgbéyàwó, alájà mẹ́ta. Aïcha fẹ́ràn bàbá rẹ̀ gan-an, ṣùgbọ́n òun náà ti jẹ gátò gàrí yẹn. Ó ti bá màdáàmù kan sọ̀rọ̀ ní Àjàṣẹ́, ẹni tó ń ṣe gátò tà. Bàbá àtọmọ wá fẹnu kò sí i: Saliou yóò ṣe ọ̀kan lọ́jọ́ Sunday, kí gbogbo wa tọ́ ọ wò. Bó bá dára, òun ló niṣẹ́. Bí kò bá dára, Aïcha yóò ní kí màdáàmù máa ṣe é lọ.

“Prudence,” ni Saliou wí fún mi lórí ògiri, “ìyá rẹ̀ ni ìbá ṣe gbogbo nǹkan fún un lọ́jọ́ náà. Bí wọ́n bá tún lọ ra gátò, kí ni èmi máa ti ṣe fún ọmọ mi?”

Mo fẹ́ fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n àgbọn méjì ni mo nà sí i lórí ògiri.

Lọ́jọ́ Sunday, Ẹ̀gbọ́n Moutiatou gun zémì, ọ̀kadà akérò, wá láti Okpomèta kí wọ́n lè bá wa tọ́ gátò wò. Ẹ̀gbọ́n Saliou ni wọ́n, obìnrin. Ọdún mẹ́ta rèé tí ọkọ wọn ti kú, láti ìgbà náà, wọn kì í lọ síbì kankan mọ́; gátò yìí ló kọ́kọ́ mú wọn jáde. Bí a bá bi wọ́n, wọ́n á ní orúnkún ni. Wọ́n jókòó, wọ́n kọjú sí ògiri, wọ́n ní kí a má da àwọn láàmú.

Gátò wọ ààrò, àwo bẹ̀rẹ̀. Ojú kìíní lọ ní ìrọwọ́rọsẹ̀. Saliou yí i padà. Orin kìíní lójú kejì kọjá. Orin kejì bẹ̀rẹ̀, mo sì rí i tí ẹsẹ̀ Ẹ̀gbọ́n Moutiatou ń mì lábẹ́ àga. Kí n tó ṣẹ́jú, wọ́n ti dìde.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Nínú ìdílé wọn, bí àgbà bá dìde jó, ọmọdé kò gbọdọ̀ dá orin dúró mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Bí àgbà bá sì ké “Bís!”, kí orin náà tún bẹ̀rẹ̀ ni. Onílé fúnra rẹ̀ yóò sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́yìn àgbà náà, yóò máa jó tẹ̀ lé e, títí àgbà yóò fi jókòó. Bàbá wọn ló fi lélẹ̀.

“Bís!” ni Ẹ̀gbọ́n Moutiatou ké.

Saliou dá abẹ́rẹ́ àwo orin padà. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó ń jó.

“Bís!”

Ó tún dá a padà. Lẹ́ẹ̀kẹta, òórùn gátò kún àgbàlá, ó dùn. Lẹ́ẹ̀kẹrin, òórùn náà yí padà. Lẹ́ẹ̀karùn-ún, èéfín yọ.

“Saliou, gátò ń jóná!” Mo mú àkísà, mo dìde.

“Má ṣí i!” ó pariwo láti ibi tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sí. “Orin kẹta ò tíì dé! Bí o bá ṣí i, á rọ̀!”

“Kí ló kù tó máa rọ̀?”

“Bís!” ni Ẹ̀gbọ́n Moutiatou wí.

Mo wo Aïcha pé kó gbà wá. Ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu, ó ń wo ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ tó ń jó, kò tiẹ̀ rí èéfín.

Nígbà tó yá, Ẹ̀gbọ́n Moutiatou jókòó, òógùn bò wọ́n, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ṣé ẹ rò pé Saliou sáré lọ síbi ààrò ni? Ó jẹ́ kí orin kẹta lọ látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ìgbà tó parí ló tó ṣí i.

Gátò náà dúdú bí ìdí ìkòkò. Ọ̀bẹ kọ́kọ́ ta padà lára rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n Moutiatou ha ibi tó jóná lára rẹ̀ kúrò, wọ́n bu inú rẹ̀ jẹ, wọ́n rún un lẹ́nu pẹ́ kí wọ́n tó gbé e mì.

“Saliou, kò dáa,” wọ́n ní.

“Mo mọ̀, Ẹ̀gbọ́n.” Ó jókòó sórí àpótí, ó tẹ orí ba. “Pe màdáàmù rẹ, Aïcha. Àdéhùn ni àdéhùn.”

Aïcha mú pọ́tábù rẹ̀, ó pè. Gbogbo wa ń gbọ́ ohùn obìnrin náà tó ń bi í bóyá kí òun bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

“Rárá, màdáàmù, ẹ má bínú,” ni Aïcha wí. “Bàbá mi ló máa ṣe é.”

Ó pa pọ́tábù. Saliou gbójú sókè.

“Bàbá, ọdún mẹ́ta ni mo ti ń bẹ Tàǹtí Moutiatou pé kí wọ́n kàn jáde síta gbangba. Mo ti ra oògùn orúnkún fún wọn, mo ti sunkún. Ẹ̀yin kàn gbé gátò sínú ààrò, wọ́n wá, wọ́n sì jó. Ẹ máa ṣe é, gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe ń ṣe é.”

Saliou dìde lórí àpótí. Tòun ti ìyẹ̀fun tó kún aṣọ rẹ̀ yẹn, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú ọmọ tó bí nínú ara rẹ̀.

Aïcha kígbe, ó kúnlẹ̀, ó ń fà á lápá. “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde! Bàbá!” Kò dìde.

“Ẹ fi í sílẹ̀,” ni Ẹ̀gbọ́n Moutiatou wí, omi ń bọ́ lójú wọn. “Ẹ jẹ́ kó dọ̀bálẹ̀ dúpẹ́ tó bó ṣe fẹ́.”